Omi tó ń jò láti balùwẹ̀ òkè: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ilé kan ní Ìbàdàn

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní agbègbè Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni baálé ilé, ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ, ọmọ mẹ́ta sì ń bẹ nílé pẹ̀lú wọn. Wọ́n ra ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ ni, nítorí náà wọn ò mọ bíríkìlà tàbí púlọ́mbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sílíńgì pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbàwọ́n kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun yọ lára POP tí wọ́n fi ṣe sílíńgì náà, etí àbàwọ́n náà ní àwọ̀ ilẹ̀, àárín rẹ̀ sì rin gbindin. Òkè ibẹ̀ gan-an ni balùwẹ̀ tí gbogbo ilé ń lò wà.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nídìí iṣẹ́ ilé bíi tèmi, àti fún ẹ̀yin onílé tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é tàbí kí ẹ pe oníṣẹ́. Nínú ilé yìí, wọ́n ti jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti lọ.

Oṣù kẹfà ni àbàwọ́n náà kọ́kọ́ yọ. Òjò ń rọ̀ dáadáa, Tíṣà sì gbà pé ara ògiri ni òjò ń gbà wọlé. Ó fi pépà oníyanrìn ha ojú ibẹ̀, ó kun ọ̀dà funfun sí i. Kò pẹ́ tí àbàwọ́n náà fi tún yọ láti abẹ́ ọ̀dà. Ọ̀dà olómi kì í bo irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, torí pé omi inú ọ̀dà náà ń tú ìdọ̀tí tó ti gbẹ sínú POP, ó sì ń fà á wá sójú. Owó ọ̀dà kò tó nǹkan. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ó pa ẹ̀rí rẹ́. Etí àbàwọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, tó kọ ọjọ́ sí i, yóò mọ̀ bóyá ó ń gbòòrò láàárọ̀ tí àwọn èèyàn bá wẹ̀ tán, tàbí nígbà tí òjò bá rọ̀, tàbí ní gbogbo ìgbà. Pẹ́ńsù lásán ni, kò sì sí onílé tí kò lè ṣe é.

Nígbà tí àbàwọ́n tún yọ, Tíṣà gòkè lọ wo balùwẹ̀. Ó rí i pé símẹ́ǹtì inú àlàfo táílì ti ṣí níbi púpọ̀. Ó wo fídíò lórí YouTube, ó ra símẹ́ǹtì funfun, ó pò ó, ó sì fi dí gbogbo àlàfo náà pátá. Ó tún fi sílíkóònù yí ìdí WC po. Mo rí iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, ó mọ́ lójú gan-an ni. Sílíńgì sì gbẹ. Ó ní iṣẹ́ ti parí.

Àwọn ọmọ ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn ní Ìsẹ́yìn nígbà náà. Ẹni méjì péré ló ń wẹ̀ ní balùwẹ̀ tí ẹni márùn-ún ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní oṣù kẹsàn-án, tí gbogbo ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ ilé-ìwé, omi padà, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, torí àwa oníṣẹ́ pàápàá ń kó sí i. Bí nǹkan bá dára lẹ́yìn tí a ṣe àtúnṣe, a máa ń gbà pé àtúnṣe wa ló mú un dára. Ó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ohun mìíràn tó yí padà nílé. Ta ló rìnrìn àjò? Ṣé iná wà fún ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè? Ṣé òjò dá? Bí Tíṣà bá bèèrè bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kì bá ti máa yọ̀. Ọ̀rọ̀ sílíkóònù náà tún wà níbẹ̀. Bí a bá fi í yí ìdí WC po pátápátá, tí ibi tí WC ti so mọ́ páìpù bá wá ń jò, omi náà kò ní rọ́nà jáde sórí táílì kí a lè rí i. Inú dẹ́kìnì, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ òkè, ni yóò máa wọ̀. Ìdí nìyẹn tí púlọ́mbà tó mọṣẹ́ fi máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ìyàwó ní kí wọ́n pe oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, àmọ́ onítáílì ni wọ́n pè, nítorí wọ́n ti gbà lọ́kàn pé táílì ló ń jò. Onítáílì náà wò ó, ó ní kí àwọn má wulẹ̀ fọ́ ti tẹ́lẹ̀, òun yóò to tuntun lé e lórí. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán kó tó parí. Táílì tó tò gún régé, kò sí ọ̀kankan tó ń dún kórókóró lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ balùwẹ̀ ga sókè, ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ títí káfíńtà fi wá gé ìdí rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ tí omi ń bá lọ sínú ihò sì pòórá, débi pé omi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Sílíńgì ṣì ń jò. Mi ò ní dá onítáílì yẹn lẹ́bi jìnnà. Táílì ni wọ́n ní kó tò, ó sì tò ó. Iṣẹ́ tó yẹ kó kọ̀ ni, kó sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń jò, kí ẹ tó pè mí." Kò sọ ọ́, wọn ò sì bi í.

Láìpẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú gílóòbù pálọ̀.

Inú ti bí Tíṣà nígbà yìí. Ó gbé àga, ó mú sukudiráfà, ó fẹ́ tú gílóòbù náà sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti mú iná lọ, kò séwu. Ìyàwó rẹ̀ di àga mú, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá dá iná padà ńkọ́?" Ó lọ pa mẹ́ìnì, ó sì ní kò sẹ́ni tí yóò tàn án títí oníná yóò fi dé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe títí dìgbà yẹn, èyí ni mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu jù lọ. Iná tí a ń lò nílé jẹ́ 230 fólítì, sílíńgì rin, ọwọ́ rin, ẹni náà sì wà lórí àga: bí iná kò bá tilẹ̀ pa á, ìṣubú lè ṣe é léṣe. Pé wọ́n mú iná lọ kì í ṣe ààbò fún ẹnikẹ́ni lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n lè dá a padà nígbàkígbà, jẹnẹrétọ̀ tàbí invẹ́tà inú ilé fúnra rẹ̀ sì lè máa fún wáyà yẹn níná. Oníná tí wọ́n pè ní ìwé ẹ̀rí. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ààbò iná àti ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, onílé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀. Ó yọ ìlà wáyà pálọ̀ yẹn sọ́tọ̀, ó fi ìyókù ilé sílẹ̀, ó sì sọ pé òun kò ní dá a padà títí omi yóò fi dá. Òun ló júwe mi fún wọn.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti dá tipẹ́, sílíńgì sì ń jò síbẹ̀. Bí a ṣe fi òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Ohun mẹ́ta ló kù tó lè máa jò: páìpù tó ń gbé omi wá, WC, tàbí ilẹ̀ balùwẹ̀ pẹ̀lú páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ. Mo sọ fún tọkọtaya náà pé a ò ní fi òòlù kan nǹkan kan títí a ó fi yọ méjì nínú rẹ̀ kúrò.

Páìpù tó ń gbé omi wá la fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, Tíṣà ti ọ̀pá gbígbẹ bọ inú tánkì, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé. Nígbà tó tún ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ojú àmì yẹn náà ni omi wà, sílíńgì kò sì kán lóru. Bí páìpù yẹn bá ń jò, kò ní dúró de ìgbà tí èèyàn bá ń wẹ̀, torí ìgbà gbogbo ni omi wà nínú rẹ̀.

Ní ti WC, a da àwọ̀ pupa tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò sínú tánkì rẹ̀, a sì fi ṣan án léraléra. Títí di ọjọ́ kejì, kò sí pupa kankan lójú sílíńgì.

Ó wá ku ilẹ̀ balùwẹ̀. A fi ọ̀rá wé àkísà, a fi dí ihò omi ilẹ̀ pinpin, a to àkísà mìíràn sẹ́nu ọ̀nà, a sì da omi síbẹ̀ títí ó fi ga tó íǹṣì kan. A fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, omi wà lójú àmì, sílíńgì sì gbẹ. Tíṣà wò mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò jò kẹ̀?" Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró sábẹ́ sílíńgì nísàlẹ̀, kí Tíṣà fúnra rẹ̀ fa àkísà yọ. Ó fà á, omi sáré wọ inú ihò lọ. Kò tíì lọ tán tí a gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ látìsàlẹ̀ pé, "Ó ti ń kán o!"

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí padà. Omi tó dúró lórí táílì kò jò, omi tó gba inú páìpù ló jò. Símẹ́ǹtì funfun, sílíkóònù, táílì tuntun, kò sí èyí tó lè wo àìsàn yìí sàn, torí lábẹ́ gbogbo wọn ló wà. Tọkọtaya yìí ti sanwó fún àtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́. Owó àkísà àti omi nìkan ni àyẹ̀wò yìí ná wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Kí a tó fọ́ táílì, a gé POP tó ti bàjẹ́ láti ìsàlẹ̀, torí ó di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ilé yín ti pẹ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí sílíńgì yín bá jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, irú páálí líle tí wọ́n ń lò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ má fi ayùn tàbí òòlù kàn án. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìpalára rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn.) A rí dẹ́kìnì tó rin yíká ibi tí páìpù ti yọ, ìyókù gbẹ.

Nígbà yìí ni àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní òun ti rí oníṣẹ́ tó, òun yóò fọwọ́ ara òun ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù lásán ni páìpù náà fẹ́, ṣé mi ò lè fi gọ́ọ̀mù ni?" Ìyàwó ní kí wọ́n gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún ẹnìkan, kí òun má rí eruku mọ́. Mi ò dá sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Mo gba bébà, mo kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ní ká bi ara wa ní ìbéèrè méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá ṣe èyí ní àṣìṣe, ṣé a ó rí i kí a tó bò ó mọ́lẹ̀? Ta ló lè fara pa?

Iṣẹ́ pín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Fífọ́ táílì, kíkó o dànù, dídí àlàfo táílì tuntun, kíkun ọ̀dà: àṣìṣe inú wọn kì í fara pamọ́, ẹni tó ṣe é yóò rí i, yóò sì tún un ṣe. Tíṣà gba ìyẹn. Páìpù inú dẹ́kìnì, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ohun tí a fi ń dí omi mọ́ lábẹ́ táílì, wáyà: ọdún kan lè kọjá kí àṣìṣe inú wọn tó hàn, bó bá sì hàn, a ó fọ́ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìyẹn di ti oníṣẹ́. Ó ya Tíṣà lẹ́nu pé gọ́ọ̀mù tó kéré jù nínú iṣẹ́ ni mo ní kó fi sílẹ̀, tí mo wá gbé òòlù fún un. Bí iṣẹ́ ti le tó kọ́ ni mo fi pín in.

Ó fọ́ táílì náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti jígí ojú, torí èérún táílì mú ju abẹ lọ. Níbi kan lẹ́bàá ògiri, ó gbá ṣísẹ́ẹ̀lì mọ́ páìpù omi tí wọ́n rì sínú ìrẹ́ ògiri, páìpù náà sì ya. Omi díẹ̀ péré ló dà, torí a ti pa omi láti ìdí tánkì, a sì ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kí èyí tó wà nínú páìpù lè dà jáde kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pálọ̀ ì bá kún. Púlọ́mbà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì tún un ṣe mọ́ ìyókù.

Púlọ́mbà náà ti ṣe tírèdì tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìdánwò tó ń fi hàn pé oníṣẹ́ mọṣẹ́. Nígbà tó gbẹ́ yíká ihò omi ilẹ̀, ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí: ẹnu páìpù kan kàn kan etí ìgbọ̀nwọ́ páìpù (elbow) tó yẹ kó wọ̀ ni, kò wọ inú rẹ̀ dáadáa. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe é fi bébà àpò símẹ́ǹtì wé e, ó sì da kọnkéré lé e. A ṣì rí lẹ́tà pupa lára bébà náà. Símẹ́ǹtì kì í lẹ̀ mọ́ PVC, ike tí wọ́n fi ṣe páìpù náà. Bí dẹ́kìnì ti ń gbóná tó sì ń tutù, àlàfo yẹn ṣí díẹ̀díẹ̀. Púlọ́mbà gé e kúrò, ó fi pépà oníyanrìn ha ẹnu páìpù tuntun, ó nù ún gbẹ, ó fi gọ́ọ̀mù pa inú àti òde, ó tì í dé ìdí, ó yí i díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè kárí, ó sì dì í mú kó má bàa sún padà. Lẹ́yìn tó gbẹ, a da omi sí i, a sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó látìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré.

Bíríkìlà fi yanrìn àti símẹ́ǹtì ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ tuntun: fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kan síhà ihò. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ohun adámiró, irú èyí tí a ń pò mọ́ símẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì la fi kùn ún, ti àkọ́kọ́ lóòró, èkejì níbùú, kó lè kárí ibi tí ti àkọ́kọ́ fò. Ó gun ara ògiri tó íǹṣì mẹ́fà, ó sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Inú igun la ti lo àsìkò jù, torí ibẹ̀ ló máa ń sán, a sì tẹ aṣọ àwọ̀n mọ́ ọn kí a tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gbẹ tán, a tún dí ihò, a tún da omi sí i fún wákàtí 24.

Onítáílì tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni mo ní kí wọ́n pè padà. Ìyàwó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́, pé iṣẹ́ tí kò yẹ ni wọ́n fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ó dé, ó bá omi lórí ilẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ń fi ọjọ́ mi ṣòfò." Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, torí ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò lè máa jókòó wo omi. A sọ ọjọ́ tí yóò padà wá fún un, a fún un lówó ọkọ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. A pín owó ọwọ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí táílì parí, ìyókù lẹ́yìn tí a bá tún da omi sílẹ̀ tí sílíńgì sì gbẹ. Kò bá wa jà lórí rẹ̀, nítorí a ti sọ ọ́ kó tó mú ọwọ́ kan iṣẹ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò omi wà nínú iye owó tí ẹ ń bu fún oníbàárà, kí ó ní ìlà tirẹ̀ lórí bébà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ni ọjọ́ yẹn yóò dá gbèsè sí lọ́rùn, ẹ ó sì fò ó. Bí onílé bá sì pè yín pé kí ẹ wá to táílì nítorí pé ilé ń jò, ẹ bi í bó ṣe mọ̀ pé táílì ni.

Tíṣà dí àlàfo táílì fúnra rẹ̀. Oníná padà wá, ó pààrọ̀ gílóòbù àti wáyà tó ti rin, ó sì dán an wò kó tó tan mẹ́ìnì. Oní-POP dí ojú sílíńgì tí a gé. Tíṣà jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó fi ọ̀dà olóróró kun ibi àbàwọ́n lákọ̀ọ́kọ́, kó tó fi ọ̀dà olómi bò ó. Àbàwọ́n kò yọ mọ́. Kí a tó bo páìpù, ó ti ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó fi wọn bó ṣe jìnnà sí ògiri méjèèjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta sínú fáìlì ìwé ilé, kí ẹni tó bá máa gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má bàa gbẹ́ ẹ bí afọ́jú.

Ní báyìí, balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ló kàn. Ẹni kan náà ló kọ́ ilé yẹn, a sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí páìpù ibẹ̀ rí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí sílíńgì tí yóò fi omi hàn. Tíṣà ti kọ bébà tirẹ̀ kó tó pè mí. Òun ni yóò fọ́ táílì, púlọ́mbà kan náà ni yóò wo páìpù, ọjọ́ àyẹ̀wò omi sì wà lórí bébà náà ṣáájú ọjọ́ tí onítáílì yóò dé.